Àjàyí Crowther àti Àánú Tí Ó Kà Nínú Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n fi ṣí ìjíròrò wa kì í ṣe ìwàásù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ìjọsìn ni etí wa ti máa ń gbọ́ ọ jù. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Ìbéèrè tí ó bí i nìyí: ẹni tí a jí gbé, tí a tà bí ẹran ọjà, tí a fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin àti ọtí, báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣí ìwé kan, kí ó sì bá ìfẹ́ àti àánú Ọlọ́run pàdé nínú rẹ̀?

Àwọn kan a máa dáhùn pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ òyìnbó ni, pé ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ ni ó fi ìwé tu onílẹ̀ nínú. Àwọn mìíràn a ní iṣẹ́ Ẹ̀mí ni, wọn a sì pa ọ̀rọ̀ náà dé bí ẹni pa ìlẹ̀kùn dé. Lójú tèmi, ìdáhùn méjèèjì ni ó yá jù. Kí a tó fi ẹnu kan èyíkéyìí nínú wọn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè pé: Ta ni ó ka ìwé náà? Èdè wo ni ó fi kà á? Ọjọ́ wo ni ó kà á, kí sì ni ojú rẹ̀ ti rí kí ọjọ́ náà tó dé?

Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àjàyí ọmọ Òṣogùn ni, ẹni tí ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oyè ti wọ́pọ̀ nínú ìwé ìtàn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé pé ó ti jẹ́ ọmọdé rí, tí ó jókòó ti káàdì ABD. Òǹkàwé tí ó wà lábẹ́ aṣọ bíṣọ́ọ̀bù yẹn ni mò ń wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ nínú lẹ́tà kan ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1837, oúnjẹ àárọ̀ wà lórí iná nígbà tí ariwo ta ní Òṣogùn pé ogun dé. Ọmọ bí ọdún 13 ni. Baba sáré wọlé, ó sọ fún wọn kí wọ́n sá, òun sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò tún fi ojú kàn án mọ́. Wọ́n mú ìyá, wọ́n mú Àjàyí àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n ju okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì dà wọ́n bí ẹni da ewúrẹ́. Ẹ má ṣe gbàgbé pé èdè Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó mú wọn ń sọ. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn níyà. Wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin. Ẹṣin náà kò tẹ́ olówó lọ́rùn, wọ́n dá a padà, ọmọ náà sì padà sí ọwọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ ní i. Láti ibẹ̀ ó di ọwọ́ dé ọwọ́, ọjà dé ọjà. Ní òru, ó gbìyànjú láti fi ìgbànú ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Wọ́n gbé e dé Èkó, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Potogí, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ ẹrú náà. Ní oṣù kẹfà ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró.

Ẹsẹ̀ Àjàyí kò tíì fara balẹ̀ tán níbẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun láìsí wàhálà púpọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ìyẹn dáadáa: ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí, tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ lẹ́tà! Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ni àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, tí ó sì di Samuel Crowther. Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́.

Nínú lẹ́tà ọdún 1837 yẹn, ó sọ ohun kan tí ó ti fa àríyànjiyàn. Ó pe ọjọ́ tí wọ́n mú un ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì tún ní òun ó máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún lọ́nà mìíràn, nítorí ibi tí ọ̀nà náà já sí. Mo ti ka ọ̀rọ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì rọrùn fún mi láti gbé e mì. Ǹjẹ́ kò fẹ́ jọ ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olè nítorí pé ọlọ́pàá bá ẹrù rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí a bá tún lẹ́tà náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó rí i pé kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó tà á. Okùn ọrùn wà níbẹ̀, ìgbànú òru wà níbẹ̀, ẹkún ìyá wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀ kì í kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyẹn. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni ọkùnrin ẹni nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí ń gbìyànjú láti fi ìwé tí ó kọ́ ka ìgbésí ayé ara rẹ̀, tí kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu tán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ ọ́. Àánú tí ó mọ̀ nínú ìwé nígbà náà, àánú lédè òyìnbó ni.

Ohun tí ó yí padà lẹ́yìn náà ni ó mú mi gbé ìtàn yìí wá. Kì í ṣe Crowther ni ó kọ́kọ́ kọ Yorùbá sílẹ̀ ní Sàró. Hannah Kilham ti tẹ àwọn ọ̀rọ̀ kan jáde ní ọdún 1828, Raban náà sì ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1843, ọdún tí wọ́n fi Crowther joyè àlùfáà ní London, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde. Nígbà tí ó padà dé Freetown, ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá nínú ilé ìjọsìn fún àwọn ènìyàn rẹ̀ tí a ti gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Àwọn mùsùlùmí wà láàárín wọn tí ó wá gbọ́. Orí 1 Lúùkù ni ó ti mú ọ̀rọ̀, níbi tí áńgẹ́lì ti bá Màríà sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ara òun kò kọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ó ṣe òun bí ohun àjèjì láti máa fi èdè ìyá òun wàásù. Àwọn tí ó gbọ́ ń dáhùn pé kí ó ṣẹ. Ẹni tí ó bá mọ bí Yorùbá ti ń ṣe àmín sí ìwúre àgbà yóò mọ̀ pé wọn kò kọ́ ìdáhùn yẹn ní ilé ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí ibẹ̀ ni ẹran wà. Nígbà tí Crowther bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀, tí Ìwé Róòmù jáde ní 1850, tí Lúùkù àti Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì sì tẹ̀lé e ní 1851, kò gbẹ́kẹ̀ lé ọgbọ́n orí ara rẹ̀ nìkan. A máa jókòó ti àwọn àgbà, a máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, a sì máa wádìí àṣà tí ó bí ọ̀rọ̀ kí ó tó lò ó. Ó ní àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́, bí àlùfáà Thomas King, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ tí òun náà gba Sàró padà wálé. Ohun tí iṣẹ́ wọn bí ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi sọ àánú Ọlọ́run nínú Bíbélì wa, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ti ní ìwúwo tirẹ̀ kí ó tó wọ inú ìwé.

Ẹ mú oore-ọ̀fẹ́, tí ó kún inú Ìwé Róòmù. Ọ̀rọ̀ ọjà ni ọ̀fẹ́. Ohun tí ènìyàn gbà láìsan kọ́bọ̀ ni. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ náà sí etí ẹni tí a ti gbé dúró ní ọjà rí, tí wọ́n la ẹnu rẹ̀ wo eyín, tí wọ́n ná an, tí owó rẹ̀ wọ́n tàbí tí kò wọ́n. Nínú gbogbo ayé tí ó mọ̀, kò sí ohun kan tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, òun alára pàápàá ní iye. Ìràpadà náà ńkọ́? Ní ayé ogun Yorùbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn. Nígbà tí ìròyìn bá dé pé ọmọ ẹni wà ní oko ẹrú ní ìlú báyìí, ẹbí a dá owó jọ, wọn a gbé e lọ, wọn a ra ọmọ wọn padà. Ìdáǹdè sì jẹ́ kí a tú ìdè kúrò lára ẹni. Bíbélì Yorùbá lo méjèèjì, àwọn tí ó sì gbọ́ wọn ní Abẹ́òkúta mọ iye tí ìràpadà ń ná ènìyàn, wọ́n sì mọ àpá tí ìdè máa ń fi sí ọrùn ọwọ́.

Fẹ́ àti ìfẹ́ pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé èdè wa kò ní tó nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé fẹ́ kan náà ni a fi ń fẹ́ omi tí a fi ń fẹ́ ìyàwó. Èmi kò rí àìní níbẹ̀. Bí a bá wí fún ẹrú pé Ọlọ́run fẹ́ ọ, ohun tí ó gbọ́ ni pé ẹnì kan wà tí ó ń wá òun, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Èyí tí ó wù mí jù ni àánú fúnra rẹ̀, mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ gírámà pé kí ẹ fi etí sílẹ̀. Ebi ń pa mí. Oorun ń kùn mí. Òtútù ń mú mí. Àánú ṣe mí. Nínú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí, kì í ṣe ènìyàn ni olùwà. Ohun tí ó dé bá a ni olùwà, ènìyàn sì di àbọ̀. Gẹ̀ẹ́sì a sọ pé ènìyàn ní àánú, bí ẹni ní aṣọ tí ó lè wọ̀ tàbí kí ó bọ́. Ní Yorùbá, àánú a máa mú ènìyàn bí òtútù ti ń mú un. Lóòótọ́ a ní ṣàánú, tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, Bíbélì sì lò ó níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní orí 15 Lúùkù, níbi tí baba ti rí ọmọ rẹ̀ tí ó ti ná ogún tán tí ń bọ̀ lókèèrè, àánú ni ó ṣe baba náà. Ohun kan mú un tí kò lè dá dúró, ni àgbàlagbà bá ń sáré. Ẹ sì mọ̀ pé àgbà kì í ṣàdédé sáré nínú ẹ̀gún. Ẹ fi ìyọ́nú kún un, inú tí ó yọ́ bí òrí nínú oòrùn, ẹ ó rí i pé Ọlọ́run tí àwọn òǹkàwé wọ̀nyí bá pàdé lójú ìwé kì í ṣe ọba tí ó jókòó tí ń fi ọ̀pá dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji ènìyàn láti òkèèrè.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn orí 15 yìí ní Yorùbá, àwọn wo ni? Ìlú àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni Abẹ́òkúta, nǹkan bí ọdún 1830 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ekukáká ni a fi lè rí agbo ilé kan níbẹ̀ tí kò sọ ènìyàn nù. Láti ọdún 1839 ni àwọn Sàró sì ti bẹ̀rẹ̀ sí gba etí òkun padà wọlé, tí ìyá ń rí ọmọ tí ó ti sunkún rẹ̀ bí òkú. Nígbà tí wọ́n bá kà á fún wọn nínú ìwé pé ẹnì kan ti nù, a sì rí i, wọn kò nílò àlàyé.

Crowther gan-an wà lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Òun, Henry Townsend àti àwọn yòókù gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845. Ogun dí ọ̀nà, wọ́n lo nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ó ṣí àlùmánáàkì ìgbàgbọ́ tí ó ń lò, èyí tí a tẹ ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kan sí fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ ọjọ́ náà ni Orin Dáfídì 10:14, ọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí olùgbèjà ọmọ tí kò ní baba mọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé òun kò mọ agbára ẹsẹ yẹn rí bí ti ọjọ́ náà. Nítorí pé ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀, Àfàlà, tí ó ti gbọ́ pé ọmọ òun wà ní ìlú, bá ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin rẹ̀ wá a wá. Ọdún 25 ni ó ti kọjá láti Ìsẹ́yìn.

Ó ní ìyá òun ń gbọ̀n. Ó di òun ní ọwọ́ mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń pè é nígbà èwe. Crowther fi í kún un níbẹ̀, láìgbé ohùn sókè, pé ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú.

Mo máa ń dúró sórí gbólóhùn yẹn nígbàkigbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn yìí. Ẹni tí ó to àlùmánáàkì náà kò mọ Àfàlà, kò sì mọ̀ pé ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ yóò bá ọmọ kan tí kò ní baba ní Abẹ́òkúta. Ẹsẹ náà ti wà nínú ìwé láti ayébáyé, Crowther yóò sì ti kà á láìmọye ìgbà. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ àti ọjọ́ pàdé ara wọn ni ó rí àánú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ayọ̀ náà gbé ìyá àgbà mì. A ra àwọn mìíràn padà, a kò ra ìyẹn padà. Ó wà nínú ìròyìn kan náà pẹ̀lú àánú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà jẹ́ òpè tí ìwé òyìnbó mú lórí yá, ẹ fi ojú ewé yìí hàn án. Ìyá náà sì gba ìrìbọmi ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Kò nílò kí ó mọ̀wé kí ó tó mọ ìdí tí wọ́n fi yan orúkọ náà fún un.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀wé àti àwọn tí ó kọ́ ọ lágbà. Àgbàlagbà ọkùnrin àti obìnrin jókòó sí ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú Ìwé ABD, nítorí kí wọ́n lè ka ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Ní 1859 Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, kí àwọn ènìyàn lè mọ ìwé kíkà lára. Ní 1875 àwọn onímọ̀ ìjọ pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, títí kan àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Odindi Bíbélì wá parí ní 1884. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àìsí àmì ohùn nínú Bíbélì àtijọ́ ṣe ẹ̀sùn, mo gbọ́ yín, mo sì bá yín fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tí ó kọ́kọ́ kà á ti gbọ́ ọ tì léti kí ojú wọn tó rí i.) Bí ìwé bá ti wà lọ́wọ́ ènìyàn ní èdè rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó máa pín àánú fún un ní ṣíbí ṣíbí. Crowther mọ èyí. Nígbà tí ó dé iwájú Ẹ́mírì Ìlọrin ní ọdún 1872, tí wọ́n ń bi í léèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, kò bá wọn jiyàn. Ó ṣí ìwé, ó sì kà á fún wọn. Àdúrà, wòlíì, àlùfáà, àlàáfíà, gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí Yorùbá ti gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn mùsùlùmí ni ó ti wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀, wọn kò sì ṣe àjèjì sí etí wọn.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dá ọ̀rọ̀ dúró síhìn-ín, mo ti tan yín jẹ. Kíkà kì í ṣe ṣíṣe. Nínú àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta àti ti Èkó tí ó gbọ́ oore-ọ̀fẹ́ àti ìràpadà lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn tí ó ní ẹrú àti ìwọ̀fà nílé wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọ sì fi ṣe àríyànjiyàn lórí bóyá kí wọ́n fàyè gbà á. Àwọn kan mú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì nípa Ónísímù ẹrú rẹ̀, wọ́n ní ṣebí Pọ́ọ̀lù dá ẹrú padà fún olówó rẹ̀. Àwọn mìíràn mú ìwé kan náà, wọ́n ní arákùnrin ni Pọ́ọ̀lù ní kí ó gbà á sí. Ìwé kan, òǹkàwé méjì. Lójú tèmi ẹgbẹ́ kejì ni ó kà á dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kìíní kò ṣàìmọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ tí ó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà ni ti òpin ọjọ́ ayé Crowther. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864 ni wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní kàtídírà Canterbury, ẹni dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà tí ó dé ipò náà, iṣẹ́ ìjọ lórí odò Ọya sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan tí ó gbóná nínú ìgbàgbọ́ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Onitsha. Àgbàlagbà ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n gbé àléébù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Mi ò sọ pé kò sí àléébù níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀bi ẹnì kan kan gbogbo àwọn dúdú, wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró níṣojú bíṣọ́ọ̀bù wọn láìka àṣẹ rẹ̀ sí. Crowther kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi sí ipò rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí kan ní Èkó ti yapa láti dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n pè ní United Native African Church. Bíbélì Yorùbá ni wọ́n gbé dání jáde.

Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó wọ̀nyẹn kì í ṣe aláìkàwé. Wọ́n ka Bíbélì kárakára, bóyá ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Wọ́n ka Lúùkù orí 15. Èmi ò mọ bí ó ṣe jẹ́ tí arúgbó tí ó jókòó níwájú wọn, tí okùn ti wà lọ́rùn rẹ̀ rí, kò fi ṣe wọ́n láàánú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, àádọ́jọ ọdún gééré lẹ́yìn ìfijoyè rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby dúró nínú kàtídírà Canterbury kan náà, níbi ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà, ó sì tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọ rẹ̀ fún ohun tí wọ́n ṣe sí Crowther.

Olóòtú ètò wa, mo rí i pé àkókò mi ti lọ tán. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi sí iwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lórí ìjókòó yìí kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ìjọsí ka àánú ní èdè tí a ti ń ní i. Crowther àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kà á ní èdè tí àánú ti ń ṣe ènìyàn. Ǹjẹ́ èdè náà ní ọwọ́ nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Onitsha? Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá sọ ìdí tí àwọn onígbàgbọ́ tí ń sọ Yorùbá fi ní ẹrú nílé fún mi.